Òkìtì Òwú Kì í Ṣe Aṣọ: Dátà Rẹpẹtẹ àti Ọgbọ́n Ọjà Òkè-Ògùn

Ẹni tó bá wọ ìlú Ìṣẹ́yìn ní òwúrọ̀ kò níí rìn jìnnà kó tó gbọ́ ìró òfì. Àwọn ahunṣọ ti jókòó sídìí iṣẹ́. Òwú tí wọ́n ta sílẹ̀ nà lọ gbọọrọ níwájú wọn, òkúta sì di ìdí rẹ̀ mú kó má baà dẹ̀. Bí ọwọ́ ṣe ń ju ọkọ̀ òfì láti ọ̀tún sí òsì ni ẹsẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀, tí aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ náà ń gùn díẹ̀díẹ̀. Nínú ilé kan náà, òkìtì òwú lè wà ní igun yàrá, pupa, funfun, àwọ̀ ojú ọ̀run, tó tó aṣọ ogún ènìyàn. Kò sí ahunṣọ tó máa nawọ́ sí òkìtì náà pé aṣọ rèé. Òwú ń di aṣọ nígbà tí òòró bá pàdé ìbú, tí fọ́nrán kan bá di èkejì mú. Bí fọ́nrán kan bá já, ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí orí fọ́nrán yẹn nìkan: àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò dẹ̀, àrà tí ahunṣọ ń dá yóò sì yẹ̀ lójú aṣọ.

Ó yẹ kí àwòrán yìí wà lọ́kàn gbogbo ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn nípa dátà rẹpẹtẹ lásìkò yìí. Ní Ṣakí tàbí Òkèhò, bí ènìyàn bá sọ pé dátà òun ti tán, ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ni pé èyí tó rà láti fi lo íntánẹ́ẹ̀tì lórí fóònù ló tán. Dátà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá àti ìjọba ń wá kiri yàtọ̀ sí ìyẹn. Àmì ẹsẹ̀ ni. Òun ni gbogbo ohun tí ènìyàn ń fi sílẹ̀ sẹ́yìn láìfura bó ṣe ń lo fóònù, bó ṣe ń fowó ránṣẹ́, bó ṣe ń rìnrìn àjò, àti bó ṣe ń dáko lábẹ́ ojú ọ̀run.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ kò jìnnà. Bí ìyá oníṣu kan ní Ṣakí bá pe awakọ̀ tí yóò kó iṣu rẹ̀ lọ sí Bódìjà ní Ìbàdàn, ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ yóò kọ àkókò tó pè sílẹ̀, yóò kọ òpó tó gbé ìpè náà, yóò sì kọ iye ìṣẹ́jú tí wọ́n fi sọ̀rọ̀. Bí oníbàárà bá sanwó sínú àkáǹtì rẹ̀, báńkì yóò kọ tirẹ̀. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2020 tí ìjọba àpapọ̀ ti pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn so nọ́ńbà fóònù wọn mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN, ìpè náà ti ní orúkọ àti àwòrán ojú tó lè tọ́ka sí. Lókè lọ́hùn-ún, sátẹ́láìtì Sentinel-2 tí ilẹ̀ Yúróòpù kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ ní 2015, tí wọ́n sì fi ìkejì rẹ̀ ránṣẹ́ ní 2017, jọ ń padà sójú ibì kan náà láàárín ọjọ́ márùn-ún, wọ́n sì ń ya àwòrán oko, igbó àti odò. Oko àgbẹ̀ tí kò tíì wọ ọ́fíìsì ìjọba rí láyé rẹ̀ ti wà nínú àkójọ tí ẹni tó wà ní Jámánì lè ṣí wò lọ́fẹ̀ẹ́.

Òkìtì òwú nìyí, ó sì ń ga sí i lójoojúmọ́. Ohun tó wà nílẹ̀ láti yanjú ni ẹni tí yóò hun ún, àti bí yóò ṣe hun ún.

Àwọn kan gbà pé òkìtì náà tó fúnra rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2008, Chris Anderson, tó jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn Wired nílẹ̀ Amẹ́ríkà nígbà náà, kọ àpilẹ̀kọ kan tó di ìlúmọ̀ọ́ká. Kókó rẹ̀ ni pé bí dátà bá ti pọ̀ tó, kò sí ìdí láti máa wá àlàyé kiri mọ́. Kí ẹ̀rọ ṣáà máa fi ohun kan wé èkejì. Bí méjèèjì bá ti ń rìn pọ̀, ó tó. Ìrònú yìí dùn mọ́ àwọn tó ń ta ẹ̀rọ, ó sì dùn mọ́ àwọn aláṣẹ tí kò fẹ́ràn kí wọ́n máa bi àgbẹ̀ ní ìbéèrè. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni àkùkọ ń kọ kí ilẹ̀ tó mọ́, síbẹ̀ ẹni tó pa àkùkọ jẹ lálẹ́ kò dí ojúmọ́ lọ́nà. Ohun méjì lè jọ máa rìn títí láìjẹ́ pé ọ̀kan ló ń fa èkejì, ẹni tí kò bá sì mọ ìyàtọ̀ lè máa pa àkùkọ kiri.

Ọgọ́ta ọdún ṣáájú àpilẹ̀kọ yẹn, ní 1948, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Amẹ́ríkà kan, Warren Weaver, ti pín ìṣòro tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ń bá fínra sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni ti nǹkan díẹ̀ tí ìbáṣepọ̀ wọn ṣe é kà lórí ìka: bí òkúta bá já bọ́ láti orí òkè Adó-Àwáyè, ẹni tó mọ ìṣirò lè sọ bí yóò ṣe yára tó kó tó kanlẹ̀. Èkejì ni ti nǹkan tó pọ̀ lọ súà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń dá ṣe tirẹ̀: hóró àgbàdo inú ọgọ́rùn-ún àpò kò ṣe é kà tán, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bu ìwọ̀nba díẹ̀ wò, wọ́n lè sọ bí ìyókù ṣe rí. Ẹ̀kẹta ló le jù. Àwọn nǹkan náà pọ̀, àmọ́ ọ̀kan kò dá wà. Wọ́n so kọ́ra, ohun tí ọ̀kan bá ṣe ń yí ìwà èkejì padà, ìyípadà náà a tún padà wá bá ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Irú èyí ni a lè pè ní ètò asokọ́ra. Láti 1984 ni àwọn onímọ̀ kan ti dá ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí Santa Fe sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New Mexico nítorí ẹ̀kọ́ yìí gan-an.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tó kàn ṣòro àti ètò asokọ́ra, kó lọ sí ibùdókọ̀ Ṣakí. Mẹkáníìkì lè tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù palẹ̀ pátá, kó tò ó sórí àpò, kó tún un tò padà lọ́jọ́ kejì. Iṣẹ́ náà ṣòro, àmọ́ ẹ́ńjìnnì kì í gbọ́ rédíò. Kò mọ̀ pé epo ti wọ́n, kò sì ní torí ìyẹn yí bó ṣe ń ṣiṣẹ́ padà. Ọjà tó wà lódìkejì títì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí àwọn oníṣu bá gbọ́ pé iṣu yóò wọ́n lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọn yóò dá tiwọn dúró lónìí. Iṣu tí wọ́n dá dúró ni yóò sì mú kó wọ́n lóòótọ́. Àsọtẹ́lẹ̀ náà ti di ọ̀kan lára ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Òkè-Ògùn ní ètò asokọ́ra tó ti pẹ́ ju kọ̀ǹpútà lọ. Òun ni ọjà ọrọọrún. Ní 1961, B. W. Hodder, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti ìrìnsí ènìyàn, gbé ìwádìí jáde lórí bí àwọn ọjà ìgbèríko ilẹ̀ Yorùbá ṣe ń yí po. Ohun tó ṣàlàyé kò ṣàjèjì sí ìyá àgbà kankan: ìlú kan ń ná tirẹ̀ lónìí, ìlú tó múlé tì í ń ná tirẹ̀ lọ́la, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa yí títí yóò fi padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Alájàpá lè tẹ̀ lé e láti ọjà dé ọjà, àgbẹ̀ tó wà ní abúlé kò sì níí dúró ju ọjọ́ mélòó kan lọ kí ọjà kan tó súnmọ́ ọn. Kò sí ọ́fíìsì kan tó ń pín ọjọ́ fún gbogbo wọn. Ìlú kọ̀ọ̀kan ń wo ọjọ́ aládùúgbò rẹ̀, ó ń yan tirẹ̀, ètò ńlá sì jáde láti inú àwọn ìpinnu kéékèèké wọ̀nyí.

Ibí yìí ni òkìtì dátà ti lè tan onímọ̀ jẹ. Yorùbá ń ka ọjọ́ tí wọ́n nájà mọ́ ọn, nítorí náà ọrún jẹ́ ọjọ́ karùn-ún, àmọ́ ọjọ́ mẹ́rin ló wà láàárín ọjà kan àti èkejì. Ọ̀sẹ̀ tí kọ̀ǹpútà mọ̀ jẹ́ ọjọ́ méje. Láàárín ọjọ́ 28, ọjà ọrọọrún yóò wáyé nígbà méje, yóò sì bọ́ sórí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan péré: Ajé lẹ́ẹ̀kan, Ìṣẹ́gun lẹ́ẹ̀kan, títí dé Àìkú. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan kó gbogbo ìpè fóònù àti owó tó wọlé ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ fún odidi ọdún kan jọ, kó wá pín wọn sí ọjọ́ Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, bí ẹ̀rọ ṣe máa ń ṣe é. Ohun tí yóò rí ni pé gbogbo ọjọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ọjà tó ń mi ìlú tìtì ti pòórá nínú ìṣirò. Bó bá tún kó dátà ọdún mẹ́wàá kún un, yóò túbọ̀ pòórá ni. Ọmọ ọdún méje tó ń bá ìyá rẹ̀ kiri ata mọ ohun tí ẹ̀rọ náà kò mọ̀, torí pé ó mọ bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́.

Èyí kò sọ dátà di ohun àbùkù. Ó kàn fi hàn pé ìbéèrè tí wọ́n bi òkìtì náà ló ń pinnu ohun tí òkìtì yóò dá lóhùn, ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ ilé sì ni ìbéèrè tó dára ti ń wá.

Ohun tó wà nílẹ̀ ju owó iṣu lọ. Ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ àti darandaran ti gba ẹ̀mí ní apá ibẹ̀, gbogbo ìgbà tí ìjà bá sì bẹ́ ni àwọn aláṣẹ máa ń béèrè fún ẹ̀rọ tí yóò máa ṣọ́ igbó. Bí wọ́n bá tú okùn ọ̀rọ̀ náà, wọn yóò rí i pé ó gùn. Bí òjò bá tètè dáwọ́ dúró, koríko yóò tètè gbẹ ní apá òkè. Bí koríko bá gbẹ, màlúù yóò ṣí wá sí gúúsù ṣáájú àkókò. Bí wọ́n bá dé ṣáájú àkókò, wọn yóò bá àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ lóko. Bí màlúù bá jẹ oko, ẹjọ́ yóò dé iwájú baálẹ̀. Bí ẹjọ́ náà bá pẹ́ jù, ọ̀dọ́ yóò gba ìdájọ́ sọ́wọ́ ara wọn. Àwọn tó ń ṣàkójọ òjò ní dátà òjò, àwọn tó ń wo sátẹ́láìtì ní dátà koríko, ọlọ́pàá àti Àmọ̀tẹ́kùn ní ìròyìn ìjà. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àkójọ wọ̀nyí wà. Ẹni tó bá wo ti ọlọ́pàá nìkan yóò rò pé ìwà ipá ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, yóò sì máa rán ìbọn lọ síbi tó jẹ́ pé kànga ìmúmi ẹran àti adájọ́ tó yára ni wọ́n nílò ní oṣù mẹ́ta ṣáájú.

Bí okùn bẹ́ẹ̀ ṣe lè gùn tó hàn kedere ní oṣù Kejì ọdún 2021. Ní ọjà Ṣáṣá nílùú Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń kó tòmátò àti ata láti òkè ọya sọ̀ kalẹ̀, èdèkòyedè bẹ́ sílẹ̀ láàárín aláàárù kan àti àwọn tó wà nítòsí rẹ̀. Ohun tí àgbà méjì lè fi omi tútù parí di ìjà, ènìyàn kú, ilé àti ìsọ̀ jóná. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ọjà náà pa, wọ́n sì fi òfin kónílé-ó-gbélé lélẹ̀ ládùúgbò. Kí oṣù náà tó parí, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù kéde pé àwọn kò ní kó ọjà wá sí gúúsù mọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù tò sí Jẹ́bà, tòmátò ń jẹrà lókè ọya, ata ń wọ́n bí ojú l'Ékòó. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó yanjú ẹ̀. Kò sí dátà tòmátò tó lè sọ èyí tẹ́lẹ̀, bó ti wù kó pọ̀ tó, torí pé kì í ṣe inú tòmátò ni ohun tó ṣẹlẹ̀ wà. Inú okùn tó so ọjà Ṣáṣá mọ́ ìbínú tó ti ń kó jọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá lọ́dún náà ló wà.

Ọ̀rọ̀ owó náírà tuntun tún fi ẹ̀kọ́ kan náà hàn láti ìhà mìíràn. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, Báńkì Àpapọ̀ kéde pé òun yóò pààrọ̀ igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà àti ẹgbẹ̀rún náírà. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dá fún owó àtijọ́ ni 31 oṣù Kínní 2023, wọ́n sì sún un sí ọjọ́ 10 oṣù Kejì. Lórí ìwé, ìṣirò náà mọ́gbọ́n wá: kó owó àtijọ́ wọlé, tú tuntun jáde, kí àwọn ará ìlú máa fi fóònù sanwó. Owó bébà tó wà níta já wálẹ̀ láti nǹkan bíi tírílíọ̀nù 3.3 ní oṣù Kẹwàá sí ìsàlẹ̀ tírílíọ̀nù kan ní oṣù Kejì. Ẹni tó bá rí owó tuntun gbà kò ná an mọ́. Ó fi pamọ́, torí kò mọ ìgbà tí yóò tún rí òmíràn. Bí gbogbo ènìyàn ṣe ń fi í pamọ́ ló ń wọ́n sí i, bó ṣe ń wọ́n sí i ni wọ́n ń fi í pamọ́. Àwọn tó ní ẹ̀rọ POS bẹ̀rẹ̀ sí í ta owó bí ẹni ta ẹ̀wà. Ní ìgbèríko tí nẹ́tíwọ̀kì kò ti dúró, iṣu wà nílẹ̀, ebi ń pa ẹni tó fẹ́ rà á, òǹtajà sì ń dárí kọ ilé, torí pé ohun tí wọ́n fi ń so ọwọ́ méjì pọ̀ ti já. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ló tú okùn náà díẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, nígbà tó pàṣẹ pé kí wọ́n máa ná owó àtijọ́ títí di ìparí ọdún.

Lásìkò ọ̀wọ́n yìí gan-an, ẹni tó bá wo dátà báńkì nìkan yóò rí i pé owó tí àwọn ènìyàn ń fi ẹ̀rọ rán síra wọn pọ̀ sí i. Ó lè pàtẹ́wọ́ pé ará ìlú ti gba ètò tuntun tọwọ́tẹsẹ̀. Iṣu tó jẹrà kò ní nọ́ńbà nínú àkójọ yẹn. Alájàpá tó jókòó sílé kò fi àmì ẹsẹ̀ kankan sílẹ̀, nítorí ẹni tí kò rìn kì í ní ipasẹ̀.

Ohun tó dé bá Google fi hàn pé àṣìṣe yìí kò mọ sí Nàìjíríà. Ní 2008, ilé-iṣẹ́ náà gbé ètò kan jáde tó ń lo ohun tí àwọn ènìyàn ń wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti sọ ibi tí àìsàn flú ń jà dé nílẹ̀ Amẹ́ríkà, kí ìròyìn àwọn dókítà tó jáde. Òkìtì dátà wo ló tún lè ju ti Google lọ? Síbẹ̀, àwọn onímọ̀ tó yẹ iṣẹ́ náà wò nínú ìwé ìròyìn Science ní 2014 rí i pé láti oṣù Kẹjọ 2011, ètò náà bu iye tó ju òótọ́ lọ ní ọ̀sẹ̀ 100 nínú 108. Ní 2015, wọ́n pa á tì. Lára ohun tí àwọn onímọ̀ náà tọ́ka sí ni pé Google fúnra rẹ̀ ń yí bí ẹ̀rọ ìwákiri rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ padà, ìyẹn sì ń yí ohun tí àwọn ènìyàn ń wá padà. Gbogbo ìgbà náà ni wọ́n ń ka ìpè yẹn mọ́ àìsàn. Òṣùwọ̀n ti wọ inú ohun tó ń wọ̀n.

Àwọn kan yóò sọ pé bí dátà bá tún pọ̀ sí i, tó sì péye sí i, ìṣòro yìí yóò tán. Edward Lorenz, onímọ̀ nípa ojú ọjọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ MIT, ti fèsì sí èyí láìmọ̀ọ́mọ̀ ní 1961. Ó fẹ́ tún ìṣirò ojú ọjọ́ kan ṣe lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, dípò kó tẹ 0.506127, ó tẹ 0.506. Ìyàtọ̀ náà kéré ju ohun tí ènìyàn lè kà sí. Fún ìgbà díẹ̀, ìṣirò méjèèjì jọ ń rìn. Lẹ́yìn náà, wọ́n yapa débi pé wọn kò jọra mọ́ rárá. Nínú ètò asokọ́ra, àṣìṣe tó kéré bí irúgbìn lè dàgbà bí ìrókò, kò sì sí òṣùwọ̀n tí kò ní àṣìṣe kankan. Nítorí náà, ẹni tó bá ṣèlérí pé òun lè fi dátà sọ iye tí iṣu yóò jẹ́ ní Ṣakí ní oṣù kẹsàn-án òní ń tajà tí kò ní lọ́wọ́. Èyí tó ṣeé ṣe ni láti mọ ibi tí okùn ti tín-ín-rín, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ọ.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọgbọ́n nínú kí ẹnikẹ́ni máa sọ pé ìmọ̀ àwọn àgbà ti tó, kí wọ́n da dátà nù. Àmì tí àwọn bàbá ń wò kí wọ́n tó gbin àgbàdo ń ṣini lọ́nà nísinsìnyí, torí òjò kò rìn bó ṣe ń rìn tẹ́lẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016, kòkòrò kan tó wá láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ya wọ oko àgbàdo ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà. Àwọn onímọ̀ IITA n'Íbàdàn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní Áfíríkà. Kò sí àgbà tó rí irú rẹ̀ rí, kò sì ní orúkọ tàbí ewé. Láàárín ọdún méjì, ó ti dé orílẹ̀-èdè tó lé ní 40 ní Áfíríkà. Ní 2018, àjọ FAO gbé ètò kan jáde lórí fóònù, FAMEWS, tí àgbẹ̀ àti olùkọ́ àgbẹ̀ lè fi kọ ohun tí wọ́n bá rí lóko sílẹ̀, kí ẹni tó wà ní ìlú kejì lè mọ̀ pé ogun ń bọ̀. Ọgbọ́n tó wà nínú ètò yẹn ni pé àgbẹ̀ ló ń rìn wọ oko rẹ̀, òun ló ń tú ewé wò, òun ló ń kà. Dátà náà ti ọwọ́ ẹni tó mọ ewé jáde, ó sì padà sọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìròyìn àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Irú ìhunṣọ bẹ́ẹ̀ ni Òkè-Ògùn nílò, ohun tó sì yẹ kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ ṣe kò kọjá agbára wọn.

Àkọ́kọ́, kí wọ́n máa ṣàkójọ okùn, kí wọ́n yé kó fọ́nrán jọ lásán. Kí iye owó iṣu àti àgbàdo ní Ṣakí, Ìgbòho, Kìṣí àti Ìṣẹ́yìn wà nínú ìwé kan náà pẹ̀lú iye owó rẹ̀ ní Bódìjà, owó epo díẹ́sẹ̀lì, bí títì ṣe rí, àti ọjọ́ òjò. Níbi tí wọ́n bá ti ń ná ọjà ọrọọrún, kí wọ́n fi ọrún ka ọjọ́.

Èkejì, kí àwọn tó mọ okùn wà níbi tí wọ́n ti ń túmọ̀ dátà. Ìyálọ́jà, olórí awakọ̀, ọdẹ, baálẹ̀, àti àgbà láti gáà àwọn Fúlàní yẹ kó jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ tó ń lo kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì lè sọ pé nọ́ńbà yìí kò bá ohun tí àwọn rí mu. Kíka orílẹ̀-èdè tó gbẹ̀yìn wáyé ní 2006, èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe ní 2023 sì ní wọ́n sún síwájú. Ìjọba tí kò mọ iye ènìyàn tó wà ní abúlé kan kò lè máa bínú bí ará abúlé bá tún ìṣirò rẹ̀ ṣe fún un.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n máa dán àṣẹ wò ní kékeré. Bí wọ́n bá fẹ́ mú ètò tuntun wọ ọjà, kí wọ́n lò ó ní ọjà kan fún ọrún mélòó kan, kí wọ́n wo ohun tó já àti ohun tó dì. Ìjìyà owó náírà ìbá dín kù púpọ̀ bó bá jẹ́ pé wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e wò ní ìjọba ìbílẹ̀ kan.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinubu fọwọ́ sí Òfin Ìdáàbòbò Dátà. Òfin náà kò tíì dé etí àgbẹ̀ tó wà ní Tedé tàbí Àgọ́-Àrẹ, bẹ́ẹ̀ oko rẹ̀ ni wọ́n ń wò láti òkè. Àgbẹ̀ ibẹ̀ sábà máa ń gbin nǹkan méjì mẹ́ta pọ̀ sórí ilẹ̀ kan, kì í sì í gé igi irú tàbí igi òrí tó bá nínú oko. Lójú sátẹ́láìtì, irú oko bẹ́ẹ̀ lè jọ igbó. Bí báńkì bá torí àwòrán yẹn sọ pé kò yẹ ní ẹni tí wọ́n ń yá lówó, ó yẹ kó ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí wọ́n rí, ní èdè tó gbọ́, kó sì sọ tẹnu rẹ̀. Bákan náà, ibi tí màlúù darandaran sùn lálẹ́ àná kò yẹ kó wà lójú máàpù tí ẹnikẹ́ni tó ń bínú lè ṣí wò.

Gbogbo èyí kò gba owó púpọ̀. Ìwé ìkọ́wèé, fóònù díẹ̀, àti àwọn ọ̀dọ́ tó ti kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe Ṣakí, tí wọ́n gbọ́ èdè ọjà, ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lè kọ́kọ́ lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn oníṣu ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, kí wọ́n bi wọ́n ní ohun tí wọ́n máa ń wò kí wọ́n tó pinnu iye tí wọn yóò tà á. Ìdáhùn wọn ni kí wọ́n kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, kí wọ́n tó tan kọ̀ǹpútà.